Ó Ti Rẹ Àpáta

Lọ́jọ́ tí àwọn ará ọ́fíìsì ìlú wá sọ fún wọn pé omi ni wọ́n máa fi àdúgbò náà sílẹ̀ fún, obìnrin kan sunkún títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkùnrin kan ń ṣépè fún ẹni tó kọ́kọ́ dá ọ́fíìsì sílẹ̀ láyé, àwọn ọmọdé sì ń pariwo nítorí pé àwọn àgbà ń pariwo. Àpáta nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ó fara ti ògiri, ó káwọ́ gbera, ojú rẹ̀ le koko.

"Ẹ wo Àpáta," ni àwọn kan ń sọ. "Inú ti ń bí i. Ẹ jẹ́ kó fọhùn ná, ẹ ó rí nǹkan."

Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe inú ló ń bí i. Ṣe ló dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá a sọ ẹrù tó wúwo kalẹ̀ lórí, tó wá ń bẹ̀rù kí àwọn ará ilé má lọ rí i pé ọrùn òun ti ń nà.

Alágbàfọ̀ ni. Aṣọ àwọn ènìyàn ló ń fọ̀, tó ń fi sítáàṣì sí, tó ń lọ̀ títí ẹ̀bá ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì á fi mú bí ọ̀bẹ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì ti bá ọkọ lọ sí ìlú mìíràn, ó wá ku òun nìkan nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Nígbà tí bàbá náà ń kọ́ ilé, odò tó wà lẹ́yìnkùlé kò ju èyí tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fò kọjá lọ, igbó ló sì wà lórí òkè lókè lọ́hùn-ún. Ìgbà tó yá ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Wọ́n gé igbó, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n da ọ̀dà sí títì, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àyíká ilé kí ẹrẹ̀ má baà ba bàtà wọn jẹ́. Ilẹ̀ tó ń mu omi tẹ́lẹ̀ ò rí ẹnu mu ún mọ́. Bí òjò bá ti rọ̀ lókè, àwọn ará ìsàlẹ̀ ló ń gbà á lálejò.

Kò sí ọdún tí Àpáta kì í múra sílẹ̀ de òjò bí ẹni tó ń retí àna tó lẹ́jọ́. Á fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì sókè. Ó ti ní kí jórinjórin ṣe tábìlì onírin gíga kan fún ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀, orí tábìlì yẹn sì ni ẹ̀rọ náà ń gbé tọdúntọdún bí ọba. Okùn tó fi ń sá aṣọ oníbàárà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ibi tí wọ́n ti ń ki wáyà iná bọ ògiri sún mọ́ òkè tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò tó bá kọ́kọ́ wọlé á rò pé ẹni tó ṣiṣẹ́ iná náà ti mutí yó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á kun ògiri, bí òjò bá pa dà, èbu aláwọ̀ ewé á tún gùn ún dé ìbàdí. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ikọ́ fi í sílẹ̀.

Síbẹ̀, ọjọ́ tí omi bá wọlé gan-an kọ́ ló ń pa á jù. Ọjọ́ tí omi ò wọlé ni. Ojú á wà lójú sánmà, etí á wà ní gọ́tà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bímọ, àsìkò òjò ni. Ìyá ọkọ ọmọ náà ló wẹ ọmọ fún un, torí pé kò sí ẹni tí Àpáta lè fi ilé àti aṣọ aláṣọ sílẹ̀ fún. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Tó bá rí ìyá ìyá rẹ̀ lórí fóònù, á sá sẹ́yìn aṣọ ìyá rẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é náà, ẹnu oníròyìn ló ti jáde. Lọ́dún tí omi gbé odindi ilé mẹ́ta lọ, oníròyìn rédíò kan wá ká obìnrin náà mọ́ ibi tó ti ń gbá ẹrẹ̀ jáde ní pálọ̀. Ó bi í pé báwo ló ṣe ń fara dà á. Ẹkún ló wà lọ́fun rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bá jáde. Ó ní, "Ibo la fẹ́ gbà? A ti wà ńbẹ̀ ná." Oníròyìn náà gbé ẹ̀rín yẹn sórí afẹ́fẹ́, ó ní kí gbogbo ìlú wá wo obìnrin bí àpáta. Láti ọjọ́ náà, Àpáta di orúkọ. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn. Àmọ́ kò pẹ́ tó fi rí i pé orúkọ náà ní iṣẹ́ nínú. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ọ̀dọ̀ Àpáta. Ẹni tí omi gbé ìkòkò rẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ Àpáta. Wọ́n á fara ti i, wọ́n á sunkún, ara á fúyẹ́ fún wọn, wọ́n á sì lọ. Ta ló máa ń bi àpáta bóyá ó ti jẹun?

Ọmọbìnrin kan ló kó àwọn ará ọ́fíìsì ìlú wá lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ omi náà, ọ̀dọ́ tó wọ bàtà òjò, tí ohùn rẹ̀ ti há nítorí pé kì í ṣe àdúgbò kan ló ti bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin òbí mi, ọdọọdún ni òjò ń le sí i, ìlú ò sì lè máa sá fún un títí. Ó yẹ kí ibì kan wà tí òjò lè jókòó sí." Ó ṣàlàyé pé wọ́n máa gbẹ́ àfonífojì tí àdúgbò náà wà jìn sí i, wọ́n á gbin koríko sí i. Lẹ́ẹ̀rùn, kí àwọn ọmọdé máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Bí òjò ńlá bá dé, kí omi kó síbẹ̀, kó máa ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀, kó má baà ya bo ilé ìwòsàn àti gbogbo ìlú tó wà nísàlẹ̀ odò. Gbogbo onílé máa gba ilé míì, ní àwọn ilé alájà mẹ́rin tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Àmọ́ wọn ò ní fipá mú ẹnikẹ́ni, àfi kí àwọn onílé fẹnu ara wọn gbà.

Bàbá Oníbàtà dìde. Ọkùnrin náà ń tún bàtà ṣe ní iwájú ilé rẹ̀, ilé rẹ̀ dojú kọ ti Àpáta, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé kí omi má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn kan, kí àwa kúrò lọ́nà fún un?"

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀, ó tún gbójú sókè. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ohun tó jẹ́ nìyẹn. Mi ò ní parọ́ fún yín."

"O ṣeun tí o ò parọ́," ni Bàbá Oníbàtà wí. "A ò lọ."

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, pálọ̀ Àpáta ti kún fún àwọn aládùúgbò. Wọn ò tilẹ̀ bi í ní èrò rẹ̀. Wọ́n ní òun ni yóò gbẹnu sọ fún wọn ní ìpàdé ńlá tí ọ́fíìsì ìlú pè sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Obìnrin kan ní, "Tí wọ́n bá ti rí yín, wọ́n á mọ̀ pé a ò ṣeré." Bí wọ́n ṣe ń lọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pè lórí fóònù. Àwọn méjì péré ni bàbá wọn bí. Ẹ̀gbọ́n ń ta táyà, ibi tí òjò ti máa ń kọjá lọ láìkí i ló sì kọ́ ilé tirẹ̀ sí, lókè téńté.

"Àbúrò, mo ti gbọ́ o. Má gbà fún wọn. Ilé bàbá wa! Kí wọ́n fi ṣe adágún?"

"Mo gbọ́, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tí omi bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n fẹ gọ́tà."

"Mo gbọ́, sà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó dojú kọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ń lọ̀. Ó pẹ́ lórí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà títí aṣọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, gbọ̀ngàn kún dé ojú fèrèsé. Bàbá Oníbàtà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ó ka ohun tí wọ́n ti ṣe láti ara wọn láìsí ìrànlọ́wọ́: gọ́tà tí wọ́n gbẹ́, àpò yanrìn tí wọ́n tò, afárá onípákó tí wọ́n kàn. Ó wá fi òwe dé e lórí. "Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un! Àwa ni onílé o. A ò ní gbà fún un!" Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n lu àga. Wọ́n wá ń pe Àpáta, Àpáta, Àpáta.

Ó dìde. Ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ilé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bó ṣe la ẹnu, ó rí ìka ọwọ́ rẹ̀ níbi tó ti di ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ mú, bí omi ṣe ti jẹ ẹ́, bí èékánná ṣe ti funfun. Ọ̀rọ̀ tó gbé wá láti ilé bá dàwátì.

Ó ní, "Òótọ́ ni Bàbá sọ. Onílé ni kò ní gbà fún un."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ó dúró de wọn.

"Ṣùgbọ́n ó ti rẹ onílé."

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa fi ọwọ́ wọn ṣe.

"Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹ ní mo lágbára. Agbára náà ni mo fi ń gbọ́n omi láti ọdún wọ̀nyí wá, ẹ̀yin náà mọ̀. Kò kù mọ́. Tí òjò ọ̀la bá dé, mi ò mọ ohun tí mo máa fi gbọ́n ọn. Tí wọ́n bá fún mi níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, màá lọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Mi ò gbẹnu ẹnikẹ́ni sọ ọ́."

Ó jókòó. Ẹnì kan pòṣé láti ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin ọ́fíìsì tẹjú mọ́lẹ̀, kò pàtẹ́wọ́, ojú sì ti ń ti òun náà bí ẹni tó jí ohun olóhun.

Láti ọjọ́ kejì ni àdúgbò ti pín sí méjì. Bàbá Oníbàtà tó máa ń kí i ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó kí i, ó yí àpótí ìjókòó rẹ̀ pa dà, ẹ̀yìn ló kọ sí ilé Àpáta. Àwọn oníbàárà kan rán ọmọ wá kó aṣọ wọn ní tútù, láìtíì gbẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó àdúgbò gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ ṣeun, mà. Ohun tí mo ti fẹ́ sọ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ lẹ sọ yẹn. Ọkọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́ pé mo wá o." Ó tún gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Àpáta rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wò ó pé àwọn tó rẹ̀ pọ̀ ju òun lọ, ẹnu ni wọn ò ní.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pè mọ́ lórí fóònù. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá lọ́sàn-án Sátidé kan, ó dé fìlà, ó wọ bàtà aláwọ̀ dúdú tó ń dán. Kò jókòó. Ó dúró láàárín pálọ̀, abẹ́ aṣọ tó rọ̀ dirodiro lórí okùn, ó ń fi ọwọ́ ti apá ṣẹ́ẹ̀tì kan kúrò lójú.

"Mo gbọ́ ohun tí o sọ ní gbọ̀ngàn. Mo ní wọ́n parọ́ mọ́ ẹ ni. Mo bá ẹnì kan jà ní ṣọ́ọ̀bù nítorí rẹ̀."

"Wọn ò parọ́, sà."

"Ìwọ! Ìwọ tí gbogbo ìlú mọ̀! Ilé tí bàbá wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ po sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Kí ni màá sọ fún un bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́run?"

"Ẹ sọ fún un pé omi pọ̀."

"Ò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Rárá o, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹsẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ gbé kápẹ́ẹ̀tì."

Ẹ̀gbọ́n wolẹ̀. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n etí Àpáta ti gbọ́ ọ: gọ́tà ìta ti yí ohùn pa dà. Òjò ò tíì kán lọ́dọ̀ wọn rárá, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Òkè ni òjò ti ń rọ̀, ní àdúgbò Ẹ̀gbọ́n gan-an, omi rẹ̀ ló sì ń bọ̀ yẹn. Kí Ẹ̀gbọ́n tó parí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, nǹkan aláwọ̀ tíì kan ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ológbò tó mọ inú ilé.

"Kí nìyí?"

"Omi ni, sà. Ẹ bọ́ bàtà yín."

Kò bọ́ ọ. Ó sáré lọ fi ẹsẹ̀ dí ilẹ̀kùn, omi gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ó pariwo pé kí Àpáta mú aṣọ wá, kó mú pákó wá, níbo ni ṣọ́bìrì wà? Àpáta ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀. Ó yọ wáyà, ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé àpótí ìwé àti fọ́tò sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú garawa méjì, ó na ọ̀kan sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sáré, kò sì dúró. Ẹ̀gbọ́n gbọ́n omi fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi han omi pé òun lẹ̀gbọ́n. Ìbàdí bá dá a dúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn mú, ó ń kérora, omi ti dé orúnkún rẹ̀, fìlà rẹ̀ ń léfòó lọ sí yàrá.

"Ẹ gun tábìlì, sà," ni Àpáta wí.

Ó fi èjìká tì í gòkè sórí tábìlì onírin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, òun náà gòkè tẹ̀ lé e. Wọ́n jókòó síbẹ̀, àgbàlagbà méjì, ẹsẹ̀ wọn rọ̀ dirodiro lórí omi bí ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Àga oníke kan ń yí po nísàlẹ̀ wọn. Àpáta mú aṣọ ìnura gbígbẹ kan sọ̀kalẹ̀ lórí okùn, ó fún un. Ti oníbàárà ni, ó máa tún un fọ̀.

"Ṣé báyìí ló ṣe máa ń rí?" ni Ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Rárá o. Èyí kéré."

Ẹ̀gbọ́n wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà.

"Ìgbà wo ló máa lọ?"

"Tó bá wù ú. Nígbà míì kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà míì, màá sùn síbí."

"Orí tábìlì?"

"Ó gbóná díẹ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ẹ̀rọ tán. Ó dára fún ẹ̀yìn."

Ẹ̀gbọ́n nu ojú rẹ̀, ó pẹ́ kó tó mú aṣọ ìnura kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé o fẹ́ràn ibí ni. O ò ráhùn rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, wàá ní kò sí wàhálà."

"Ẹni tó wà lókè, tí mo bá ráhùn fún un, kí ló fẹ́ ṣe sí i? Ṣé ẹ fẹ́ fa òjò lẹ́tí ni?"

"Ó yẹ kí o sọ."

"Mo ti sọ ọ́ báyìí, Bọ̀ọ̀dá mi. Gbogbo ìlú sì ń bínú sí mi."

Omi ń ṣe hùúhùú nínú yàrá. Ẹ̀gbọ́n ń wo ògiri tí bàbá wọn rẹ́, ibi tí àwọ̀ ewé ti gùn ún àti ibi tí ẹrẹ̀ tuntun ti kun ún kọjá ti àtijọ́. Ó mí kanlẹ̀. "Ìbàdí mi ń ro mí," ló wí. Nígbà tó ṣe díẹ̀ sí i, ó ní, "Kí ọmọbìnrin ọ́fíìsì yẹn wá. Èmi náà ti gbà." Kò bẹ̀bẹ̀, torí pé kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Àmọ́ nígbà tí omi fà, òun ló gbá pálọ̀, ó gbá a tìkanratìkanra, ó sì gbá a mọ́.

Bí àdúgbò náà ṣe ń gbà nìyẹn, ilé kan tẹ̀ lé ìkejì, kò sí ìlù, kò sí fèrè. Òjò ọdún náà ló bá ọ́fíìsì ìlú sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Oníbàtà ló gbà kẹ́yìn, lẹ́yìn tí omi kó odindi àpò bàtà àwọn oníbàárà lọ, tó wá di pé ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni márùn-ún. Kí katakata tí wọ́n fi ń wó ilé tó dé, Ẹ̀gbọ́n gbé irinṣẹ́ wá, ó tú ilẹ̀kùn iwájú ilé kúrò lára ìdè rẹ̀, ó ní igi gidi ni bàbá wọn fi ṣe é. Kò sí ẹnu ọ̀nà tó bá mu ní gbogbo ilé rẹ̀. Ó fi ti ògiri ní ṣọ́ọ̀bù táyà, àwọn ènìyàn sì ń bi í pé èló. Ọjọ́ tí wọ́n wó ilé, Àpáta ò lọ wò ó. Ó ní òun ní aṣọ láti lọ̀. Aṣọ kan ṣoṣo ló lọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ilé tuntun náà gbẹ. Kí á má purọ́, ó gbẹ. Àjà kẹta ni wọ́n fún Àpáta, yàrá méjì, ògiri funfun tí kò ní àmì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fa omi gòkè ò lágbára, omi kì í kọjá ìsàlẹ̀. Omi tó ń wọlé láìpè ní àfonífojì, níbí ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó gun àtẹ̀gùn. Àpáta á ru garawa gòkè, á ru aṣọ tútù sọ̀kalẹ̀ lọ sá, á tún rù ú gòkè. Àtẹ̀gùn náà mọ ohùn ikọ́ rẹ̀. Ó pe ọmọbìnrin ọ́fíìsì, ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́, ó ní wọ́n ti ń wá ẹ̀rọ tó tóbi. Wọ́n ṣì ń wá a.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n fún Bàbá Oníbàtà nítorí orúnkún rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ omi sì wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ gan-an. Àpáta ń lọ ń bọ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú garawa lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó kí ẹnì kejì. Lọ́jọ́ kan ló kàn dédé gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ jókòó síbí kí ẹ máa fọ̀ ọ́. Ariwo garawa yìí ò jẹ́ kí n gbọ́ rédíò."

Àpáta sọ garawa kalẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà."

"Ẹ má dúpẹ́. Mi ò tíì dárí jì yín."

"Mo mọ̀, sà."

Ó gbé àpótí ìjókòó kan fún un, ó pa dà sídìí bàtà rẹ̀. Láti ìgbà náà, ibẹ̀ ló ti ń fọṣọ. Ó dín àtẹ̀gùn kù. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà míì, bí rédíò bá sọ ọ̀rọ̀ òpè kan, wọ́n á jọ pòṣé.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ ká a mọ́ ìdí áyọ́ọ̀nù, lójú ọ̀sán, lókè àjà kẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó wá di èyí tó ń lu fèrèsé bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ta. Kí Àpáta tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti yọ wáyà iná. Ó ti kó aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti ká rọ́ọ̀gì. Ó gbé àga sókè, ó ń wá ibi tó máa gbé e lé, kò sì rí ibì kankan, torí pé kò sí nǹkan tó ń bọ̀. Ó dúró láàárín ilé, àga lọ́wọ́, òjò ń pariwo, ilẹ̀ gbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sọ àga náà kalẹ̀, ó jókòó lórí rẹ̀, ó sunkún, ẹkún gígùn tí kò mọ ohun tó ń sun gan-an. Nígbà tó sun ún tán, ó dìde, ó parí aṣọ tó kù.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n wá, ó ní kí wọ́n lọ wo ibẹ̀. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti owó oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tí omi ò wọ̀. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ta ló máa ròyìn rẹ̀?

Àfonífojì ti kún. Omi pupa rẹrẹ ló tẹ́ síbẹ̀, ó fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, orí òpó gólì àwọn ọmọdé nìkan ló yọ díẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, bí ẹni tó rin ọ̀nà jíjìn tó wá rí ibi fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin ọ́fíìsì wà létí omi pẹ̀lú bàtà òjò rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Ó kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ṣé o sùn?" ni Àpáta bi í.

"Rárá, mà. Láti àná. Àmọ́ àfonífojì gba omi náà, mà. Gbogbo rẹ̀ ló gbà." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ̀ ẹ́ jù. Ó ní, "Màmá, àdúgbò kan ló kù lápá ìsàlẹ̀ odò tí a tún fẹ́ gbẹ́ bíi tibí. Wọ́n ní àwọn ò kúrò. Bí ẹ bá lè bá wa lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á gbọ́ tiyín, gbogbo ìlú ló mọ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ dà bí…"

"Rárá," ni Àpáta wí.

Ọmọbìnrin náà fà sẹ́yìn díẹ̀.

"Má bínú, ọmọ mi. Kì í ṣe pé mo kọ̀ fún ẹ. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, bóyá màá lọ jókòó tì wọ́n. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sinmi ná. Ìwọ náà, lọ sùn."

Ọmọbìnrin náà ní ó dáa, mà. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó sì lọ lóòótọ́, ó ń wọ́ bàtà rẹ̀ nínú koríko tútù.

Bẹ́ǹṣì onísìmẹ́ǹtì kan wà lókè níbi tí ilẹ̀ ti ga. Wọ́n jókòó síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń na ọwọ́ sí omi, ó ń wá ibi tí ilé wà. Ó ní ibẹ̀ yẹn ni, ní ọ̀gangan òpó gólì ọwọ́ òsì.

"Ibẹ̀ kọ́, sà," ni Àpáta wí. "Ilé Bàbá Oníbàtà nìyẹn. Tiwa sún mọ́ ìhín díẹ̀."

"Níbo? Ṣebí ọwọ́ òsì títì ni wá."

"Ọwọ́ òsì tí ẹ bá ń bọ̀ láti òkè. Ibi tí a wà yìí, ẹ̀yìnkùlé la wà."

"Ẹ̀yìnkùlé kẹ̀! Ilé ìdáná wá ń bẹ níbo?"

Ẹ̀gbọ́n ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó ń ṣírò ibi tí ilé ìdáná wà, ibi tí bàbá wọn máa ń gbé àga rẹ̀ sí, bí igi kan ṣe wà níbì kan tí wọ́n gé. Ìgbà tó yíjú láti béèrè orúkọ igi náà, ó rí i pé àbúrò rẹ̀ ti sùn. Ó sùn níjòókòó, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, òjò ti tún ń ṣú lójú sánmà lókè òkè. Ẹ̀gbọ́n gbójú wo òjò tó ń ṣú náà. Ó rọra sún mọ́ ọn, títí èjìká rẹ̀ fi bọ́ sábẹ́ orí obìnrin náà.